Bàbá Mi Gun Òkè Sọ́dọ́ọ̀sì Láìwọ Bàtà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí bàbá mi jẹ́, ẹ fi iyọ̀ sínú tíì rẹ̀. Èmi ti ṣe é rí. Ó mu ún tán, ó gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀, ó ní, "Tamílọ́rẹ, tíì òní lágbára o," ó sì bọ́ sọ́nà ibi iṣẹ́ rẹ̀. Èmi tí mo sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí mò ń dúró kí ó pariwo, èmi ni ojú wá tì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gbé ẹ̀kọ mi sẹ́nu, iyọ̀ ni látòkè délẹ̀. Dádì wà lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Akínyẹlé Oyèbọ̀dé ni orúkọ rẹ̀. Ó ga bí òpó iná, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo ìrókò, ó sì ń bẹ̀rù ológbò. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ fún yín. Sọ́míìlì kan ní Òkè-Ṣópẹ́n, níbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń la gẹdú sí pákó. Tó bá di ọjọ́ ìsìn, á wọ sùtánà funfun, á fi bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwa ọmọ á tẹ̀lé e. Nínú ìjọ Aládùúrà wa, ẹni tó bá ti wọ sùtánà kì í fi bàtà sẹ́sẹ̀, ìbáà jẹ́ ojú títì tó gbóná bí agbada.

Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ràn kí á máa fi bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adìyẹ kan wọ aṣọ nínú rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn igi tó ń jó lábẹ́lẹ̀, mo máa ń dúró wo ilẹ̀ kí n tó gbé ẹsẹ̀ kejì.

Ohun tí gbogbo àdúgbò mọ Dádì sí ni pé kì í na ọmọ. Bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́yìn ilé wa tí ó fi ẹ̀yìn gẹdú kàn. Bí o bá ṣe nǹkan tí kò dáa, á pè ọ́, ẹ̀yin méjèèjì á jókòó síbẹ̀, kò sì ní sọ nǹkan kan. Ìwọ ni wàá fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí o ṣe. Bí o bá ń ṣe agídí, á jókòó tì ọ́. Bí oúnjẹ bá jinná, kò ní jẹ, àfi tí o bá sọ ọ́ tán. Mo ti gbọ́ tí inú bàbá mi ń kùn nítorí agídí mi rí. Ẹ gbà mí gbọ́, pàṣán sàn jù ú lọ! Tí wọ́n bá nà ọ́ tán, wàá nu ojú, wàá lọ ṣeré. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà jókòó tì ọ́, kí ebi máa pa á, kí ó máa wò ọ́ bíi pé o ṣì dára, ìyà ńlá ni.

Mọ́mì kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ọláníkẹ́ ni orúkọ tirẹ̀, ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà pọ́nńbélé tí bàtà rẹ̀ máa ń dún kò-kò-kò lọ́jọ́ Àìkú. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, pàṣán ní ìṣó tirẹ̀ lára ògiri. Ó sì gbé àṣà náà wá sílé wa; ó kan ìṣó kan sókè ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, ó fi pàṣán kọ́ ọ. Iṣẹ́ télọ̀ ni Mọ́mì ń ṣe, òun ló sì ń rán sùtánà fún ìdajì ìjọ wa.

"Bàbá Tamílọ́rẹ," á ní, "ẹ ó fi ìkẹ́ ba àwọn ọmọ yìí jẹ́."

"Ìkẹ́ ni Ọlọ́run fi ń tọ́ èmi, Ọláníkẹ́. Ṣé mo ti bàjẹ́?"

"Ẹ wo ara yín nínú dígí ná."

Ẹni kejì tí kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ ni Alàgbà Ezra, olórí àwọn àgbà ìjọ wa, ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń le kódà nígbà tó bá ń kọrin ayọ̀. Kì í rìn láìmú ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀pá gígùn tí àgbélébùú wà lórí rẹ̀. Ó gbà pé ọmọ tí wọn kò bá nà, Èṣù ni wọ́n ń tọ́ ọ fún. Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó dá Dádì dúró lójú gbogbo ènìyàn, ó ní Sólómọ́nì ti sọ ọ́ pé kí òbí má fa ọ̀pá sẹ́yìn.

Dádì dọ̀bálẹ̀ kí ó tó dáhùn. "Alàgbà, Dáfídì ló bí Sólómọ́nì, olùṣọ́-àgùntàn sì ni Dáfídì. Ó ní ọ̀pá olùṣọ́-àgùntàn ń tu òun nínú. Ẹ ti rí ẹni tí pàṣán ń tù nínú rí, sà?"

Àwọn obìnrin fi ìborùn bo ẹnu. Alàgbà Ezra kò rẹ́rìn-ín. "Akínyẹlé," ó ní, "ọmọ rẹ ni yóò dá ọ lóhùn lọ́jọ́ iwájú."

Ó ní ìdí tí Dádì fi rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sọ ọ́ fún mi, lórí bẹ́ǹṣì yẹn náà. Abúlé kan létí omi, lẹ́yìn Abígí, ni wọ́n ti bí i. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, Oyètọ́lá. Oyètọ́lá gbé àwọ̀n bàbá wọn lọ sódò láìgba àṣẹ, omi sì gbé àwọ̀n náà lọ. Bàbá wọn gé pàṣán, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Oyètọ́lá rí pàṣán náà láti òkèèrè, ó yí padà, ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó wà á lọ sójú ọ̀sà nígbà tí ìjì ń bọ̀. Ọkọ̀ náà ni wọ́n rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dojú dé. Wọn kò rí Oyètọ́lá títí di òní. Bàbá wọn ju pàṣán náà sómi. Ọdún dé, ọdún lọ, tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, á lọ dúró létí omi, á máa pe orúkọ ọmọ náà. Dádì ní òun a máa dì í lọ́wọ́ mú padà sílé.

Nítorí náà, nínú gbogbo eré tí mo máa ń bá Dádì ṣe, ọ̀kan péré ni kò fẹ́ràn: kí ó pe orúkọ mi, kí n gbọ́, kí n sì fara pamọ́ kí n má dáhùn. Mo máa ń ṣe é dáadáa. Mo máa ń há sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, kí n fọwọ́ bo ẹnu, kí n máa gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń yí padà. N kò tíì mọ ohun tó ń gbọ́ nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọyẹ́ ti dé, ètè ń bó. Yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti ń kàwé, mo sì wá sílé fún ìkórè. Àbúrò mi Olúwadárasími, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní adìyẹ kan tó fẹ́ràn ju ìyá rẹ̀ lọ. Sístà Dọ́káàsì ni orúkọ tí ó sọ adìyẹ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Dádì ti lọ bá wọn tún ilé ìsìn ṣe. Alàgbà Ezra wá sílé wa láti gba sùtánà tuntun tí Mọ́mì rán fún un. Mọ́mì fi ọ̀wọ̀ mú un jáde láti inú àpótí, ó tẹ́ ẹ. Ihò kan wà lẹ́yìn rẹ̀, igun mẹ́rin, ó ṣí sílẹ̀ bíi fèrèsé.

Kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ tí Sístà Dọ́káàsì fi gba iwájú wa kọjá. Ó wọ sùtánà. Wọ́n tilẹ̀ fi òwú búlúù dì í ní àmùrè.

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run foríjì mí, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín. Alàgbà Ezra ti na ọ̀pá rẹ̀ sí adìyẹ náà.

"Aṣọ ibi mímọ́," ó ní. "Lára adìyẹ. Lọ́la, níwájú ìjọ, ni a ó na ọmọ yìí. Kí àwọn yòókù lè rí i."

"Kò ní di ọ̀la, sà," Mọ́mì ní. Ìtìjú ti mú un. Ó na ọwọ́ sókè, ó sì fa pàṣán yọ lórí ìṣó. "Dárasími! Níbo lo wà? Lónìí ni wàá mọ̀ pé èmi kọ́ ni bàbá ẹ!"

Mo rí orí kékeré kan lójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà, n kò rí i mọ́.

A kọ́kọ́ rò pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni. Mo wò ó, kò sí. A wo ilé ìdáná, ẹ̀yìn ilé, ilé aládùúgbò, ilé aládùúgbò kejì. Mo kọ́kọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Dárasími, jáde wá jàre, Alàgbà fẹ́ kí o rán tìyàwó wọn náà." Kò sẹ́ni tó jáde. Oòrùn kúrò láàrin ọ̀run, n kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Mọ́mì ṣí ìdérí kànga. Ó dojú bolẹ̀, ó wo inú rẹ̀ pẹ́ títí, omi dúdú àti ojú ara rẹ̀ nìkan ni ó rí. Nígbà tó gbórí sókè, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Mo sáré lọ pe Dádì.

N kò tíì rí bàbá mi kí ó sáré rí. Ó wà nínú sùtánà rẹ̀, láìwọ bàtà, ó sáré kọjá lára mi bí ẹni tí omi ń lé. Nígbà tó dé ilé, kò bèèrè ohun tí ọmọ náà ṣe. Ó ní, "Ta ló sọ pé òun máa nà á?"

Mọ́mì wo ilẹ̀. Alàgbà Ezra wo ọ̀pá rẹ̀.

Àdúgbò tú jáde. Àwọn kan wá láti àdúgbò Òjówò pàápàá. Ẹ mọ bí àwa ènìyàn wa ṣe ń wá ọmọ tó sá: oníkálukú á já igi mú lọ́wọ́, oníkálukú á máa pariwo ohun tó máa fojú ọmọ náà rí. "Dárasími! Jẹ́ kí n rí ẹ o!" "Ọmọ burúkú, o fẹ́ pa ìyá ẹ!" Ohùn Mọ́mì ló ròkè jù. "Dárasími o! Bí ọwọ́ mi bá tẹ̀ ẹ́, ìwọ ló máa sọ!" Èmi tí mo mọ ohùn ìyá mi, mo gbọ́ ẹkún nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun tó ń sọ gan-an ni pé, *má kú, jọ̀wọ́ má kú*. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe máa mọ̀?

Bí a ṣe dé ẹnu géètì sọ́míìlì, Àdíját tó ń din àkàrà fún àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀ dá wa dúró. "Ìyá Tamílọ́rẹ, ẹ má bínú, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan. Ṣé adìyẹ náà ń ṣe ìsìn nínú ìjọ yín ni? Mo rí ọ̀kan tó wọ sùtánà. Mo ní bóyá èéfín àkàrà ló dà mí lójú rú."

"Níbo?" Dádì ní.

"Lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn òkè sọ́dọ́ọ̀sì."

Gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì sọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Sọ́dọ́ọ̀sì ni ìyẹ̀ igi tí ẹnu ayùn máa ń tu jáde. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń kó o dà sẹ́yìn ibẹ̀, ó sì ti ga ju ilé lọ. Iná ti wọ inú rẹ̀ láti ìparí òjò. Iná yẹn kò ní ahọ́n tí ènìyàn lè rí. Inú ló ń jẹ. Lókè, ìyẹ̀ igi náà á tutù, á rọ̀, á pupa rẹ́súrẹ́sú bí èèpo búrẹ́dì. Nísàlẹ̀, ẹ̀yinná ni. Ní àìpẹ́ sígbà náà, ewúrẹ́ kan gun ibẹ̀. Ó ké lẹ́ẹ̀kan. Wọn kò rí nǹkan kan fà yọ.

A yí ẹ̀yìn òkè náà ká. Èéfín tín-ín-rín kan ń rú níbì kan, òmíràn ń rú níbòmíràn. Nísàlẹ̀, Sístà Dọ́káàsì ń ha ilẹ̀ jẹ̀ ní sùtánà rẹ̀. A kò rí ọmọ.

"Dárasími!" Mọ́mì kígbe. "Mo ní kí o jáde! Mo ní…"

"Ọláníkẹ́, dákẹ́." Dádì kò gbé ohùn sókè. "Ẹ jọ̀wọ́, gbogbo yín, ẹ dákẹ́. Ẹ ju igi ọwọ́ yín sílẹ̀."

Mọ́mì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo rò pé kò mọ̀ mọ́ pé pàṣán wà níbẹ̀. Ó jù ú nù bí ẹni tó di ejò mú.

"Àsàbí," Dádì pè. Oríkì Dárasími nìyẹn. "Àsàbí, Dádì ni."

Kò sí ìdáhùn. Mo gbọ́ tí ìyẹ̀ igi ń rọ́ díẹ̀díẹ̀ níbì kan, bí iyanrìn.

"Àsàbí."

Mo wo ojú bàbá mi, mo sì rí ibi tó wà. Kò sí ní Òkè-Ṣópẹ́n mọ́. Etí omi ló wà, lẹ́yìn Abígí, ó di ọwọ́ arúgbó kan mú. Mo gbàdúrà tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú.

Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó jókòó sílẹ̀. Nínú erùpẹ̀, pẹ̀lú sùtánà funfun, ó ká ẹsẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe lórí bẹ́ǹṣì.

"Àsàbí, mo ti jókòó o," ó ní. "Mò ń dúró dè ọ́."

A dúró. Ohùn kékeré kan wá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, láti ẹ̀yìn gegele kan tí mo rò pé kò lè bo ológbò.

"Dádì. Ilẹ̀ ibí ń gbóná."

Mọ́mì fi ìborùn di ara rẹ̀ lẹ́nu. Orí Dárasími yọ, irun rẹ̀ kún fún ìyẹ̀ igi. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù fún un. Ọ̀nà tó gbà gòkè ti wó sẹ́yìn rẹ̀, èéfín ń ti inú ihò náà jáde. Ó wò wá látòkè, ojú rẹ̀ ń lọ láti orí ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ó rí Alàgbà Ezra, ó rí ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. Ó dìde lójijì, ó yí padà láti sá lọ sí ìhà kejì.

Ilẹ̀ já lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan wọlé dé orúnkún. Ó fà á yọ, ó ké.

"Má mira!" Dádì ti wà lórí ìdúró. "Àsàbí, má mira. Jókòó bí mo ṣe jókòó. Kò sẹ́ni tó máa nà ọ́."

"Ẹ búra!"

"Èmi kì í búra. Ṣé mo ti purọ́ fún ọ rí?"

Ó ronú sí i. Iná ń jẹ nísàlẹ̀ rẹ̀, àbúrò mi sì ń ronú sí i! "Rárá. Ṣùgbọ́n Alàgbà ńkọ́?"

Gbogbo ojú yí sí Alàgbà Ezra. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin yìí ti fi ń kọ́ni pé àánú àwọn òbí ló ń sọ ọmọ nù.

"Mi ò ní nà ọ́," ó ní.

"Mi ò gbọ́!"

"Olúwadárasími, mi ò ní nà ọ́!" Ohùn rẹ̀ fọ́ sí méjì. "Lọ́lá Ọlọ́run, ọmọ mi, jókòó!"

"Sístà Dọ́káàsì ńkọ́?"

"Mi ò ní na adìyẹ náà."

Ó jókòó.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kó pákó gígùn dé. Ẹnì kan ju bàtà rọ́bà síwájú Dádì. Ó fẹsẹ̀ tì í kúrò. "Bí mo bá wọ bàtà, n kò ní mọ ibi tí iná wà àfi tí mo bá ti wà nínú rẹ̀." Ó tẹ́ pákó kan sórí ìyẹ̀ igi náà, ó gun orí rẹ̀, ó na àtẹ́lẹsẹ̀ kan jáde, ó fi kan ilẹ̀ iwájú rẹ̀. Ó fà á padà. Ó yí pákó sí òsì, ó tún fi ẹsẹ̀ kàn án. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń fi ẹsẹ̀ Dádì ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó rí bí ẹsẹ̀ àgbébọ̀ adìyẹ! Ẹsẹ̀ yẹn ló ń bi ilẹ̀ ní ìbéèrè báyìí, tí ilẹ̀ sì ń dá a lóhùn. Ní àwọn ibì kan, mo rí i tó di eyín rẹ̀ pọ̀, kí ó tó wá ibòmíràn.

Mo gbójú sẹ́yìn, Alàgbà Ezra kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́. Ó ti wà lórí pákó, láìwọ bàtà bíi ti Dádì, ó gbé pákó kejì lé èjìká, ó ń tẹ̀lé e.

Pákó tán kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Dárasími. Àlàfo kan kù, kò tó ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n èéfín ń gba inú rẹ̀ jáde. Ọwọ́ Dádì kò tó o. Alàgbà fi ọwọ́ kan di àmùrè Dádì mú láti ẹ̀yìn, ó sì fi ọwọ́ kejì na ọ̀pá rẹ̀ sí i. Dádì gbà á, ó dì í mú nídìí àgbélébùú, ó na ìdí rẹ̀ sí Dárasími.

"Dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Dojú bolẹ̀, máa wọ́ bọ̀ bí alángbá."

"Dádì, ẹ̀rù ń bà mí."

"Mo mọ̀. Máa bọ̀."

Ó dojú bolẹ̀. Ó ń wọ́ bọ̀. Orí pákó tí Dádì dúró lé bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Mo rí i, gbogbo wa rí i. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yọ̀, ó wọ inú ìyẹ̀ igi lọ dé kókósẹ̀. Ojú rẹ̀ kò yí. Kò pariwo. Ó ń wo ojú ọmọ náà, ọmọ náà ń wo ojú rẹ̀, ó sì ní pẹ̀lú ohùn kan náà tó fi máa ń bèèrè omi mímu, "O ń gbìyànjú. Ó kù díẹ̀. Máa bọ̀, Àsàbí."

Bí ó bá pariwo ni, ọmọ náà á jọ̀wọ́ ọ̀pá. Èyí ni mo máa ń rò títí di ìsinsìnyí.

Ọwọ́ Dádì tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e sọ́rùn. Alàgbà Ezra fà wọ́n sẹ́yìn pẹ̀lú agbára tí n kò mọ̀ pé arúgbó ní. Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀ ni Dádì tó jókòó, tó gbé Dárasími fún Mọ́mì, tó wá ní, "Tamílọ́rẹ, jọ̀wọ́, bu omi wá." Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. N kò ní sọ bí ó ṣe rí.

Mọ́mì kò lè dìde. Ó di ọmọ náà mọ́ àyà nínú erùpẹ̀, ó ń sọ fún un léraléra pé, "Kì í ṣe ìbínú. Kì í ṣe ìbínú ni mo fi ń pariwo." Dárasími ń nu ìyẹ̀ igi kúrò lójú rẹ̀ fún un.

Ilé ìwòsàn ni Dádì wà nígbà ìkórè. Àwa ni a sọ fún un pé Alàgbà Ezra kò gba sùtánà mìíràn. Ó ní kí wọ́n bọ́ ti ara adìyẹ, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi lẹ ihò náà. Mọ́mì rán ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, Dárasími fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ẹ̀gbẹ́ kẹrin, ó sì wọ́ bí ọ̀nà oko. Bẹ́ẹ̀ ni Alàgbà ṣe wọ̀ ọ́ lọ síwájú pẹpẹ. Nígbà tó kan òun láti bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, ó dúró pẹ́, ó di ọ̀pá náà mú. Ìdí rẹ̀ ti jó dúdú. Ó ní kí á gbàdúrà fún Akínyẹlé, ó sì lọ jókòó.

Nígbà tí wọ́n gbé Dádì délé, bẹ́ǹṣì ni ó ní kí wọ́n gbé òun lọ. A gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé lé orí àpótí. Dárasími lọ jókòó tì í láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Èmi wà ní ilé ìdáná, mò ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Mo gé aṣọ Alàgbà," ó ní.

"Hẹn-ẹn."

"Mo fẹ́ kí Sístà Dọ́káàsì wá sí ìkórè. Wọ́n ní ẹni tí kò bá wọ sùtánà kò lè wọ ibi mímọ́." Ó fọwọ́ kan báńdéèjì náà. "Mo gbọ́ yín nígbà tí ẹ kọ́kọ́ pè mí. Mi ò dáhùn."

"Mo mọ̀."

"Dádì, ṣé ẹ̀rù bà yín nígbà tí ẹsẹ̀ yín wọnú iná?"

"Ó bà mí."

"Ṣé òun ni ẹ̀rù tó pọ̀ jù?"

Dádì mi orí. "Rárá. Èyí tó pọ̀ jù ni ìgbà tí mo pè ọ́, tí o dákẹ́. Mo rò pé ẹ̀rù wa ti pọ̀ nínú rẹ ju ẹ̀rù iná lọ."

Mọ́mì wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ìṣó náà ṣì wà lókè orí rẹ̀; téèpù tó fi ń wọn aṣọ ló fi kọ́ ọ láti ọjọ́ náà.

Dádì ń tiro díẹ̀ báyìí. Mo máa ń tiro tẹ̀lé e lẹ́yìn, á yí padà, á ju pépà lù mí. Mo ṣì ń fi iyọ̀ sínú tíì rẹ̀. Lánàá ló fi ata sínú tèmi. Ṣùgbọ́n bí ó bá pe orúkọ mi, ibi yòówù kí n wà, ìbáà jẹ́ inú ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń pè é.

"Tamílọ́rẹ!"

"Sà! Mo wà níbí, Dádì!"